Mini 1275 tí a ti tú ṣe fún eré: páìpù wo ni kí ó máa fa ọ́ìlì?

Ọmọ_Sìlíńdà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ẹ́ńjìnnì Mini mi, mọ́tò kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, wà lórí tábìlì báyìí, mo ti yà á kúrò lórí gíábọ́ọ̀sì, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan kí n tó dè é padà.

Sísì 1275 ni, ìyẹn àyè inú sìlíńdà rẹ̀, wọ́n ti gbẹ́ ẹ di 1293. Kámúṣáàfù tó le díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kábúrétọ̀ rẹ̀ méjì, mo sì máa ń tẹ̀ ẹ́ kó yí dé ìgbà 7,000 ní ìṣẹ́jú kan tí mo bá gbé e lọ sórí pápá eré. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: bí mo bá wọ kọ́nà gígùn tí mi ò gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́ròtù, ọwọ́ géèjì pírẹ́ṣọ̀ ọ́ìlì á já láti psi 60 wá sí nǹkan bí 20, á tún sáré padà sókè. Kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú títì lásán, kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Páìpù mẹ́ta tí ọ́ìlì ń gbà láti ìsàlẹ̀ lọ sí pọ́ǹpù ló wà níwájú mi. Àkọ́kọ́ ni èyí tó bá ẹ́ńjìnnì wá, tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìkejì, ẹnu rẹ̀ wà láàárín, ihò rẹ̀ tóóró. Ìkẹta, àárín náà ni, ṣùgbọ́n ihò rẹ̀ fẹ̀. Èwo ni kí n fi sí i?

Àgbà_Sípánà

Àbúrò, o káre tí o béèrè kó o tó dè é. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò, tí èèyàn bá fẹ́ pààrọ̀ páìpù yìí, á wọ abẹ́ mọ́tò, á tú sọ́ǹpù, ìyẹn abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó parí. Mini ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Alec Issigonis ń ṣe ètò mọ́tò yẹn, èyí tó jáde ní 1959, kò fẹ́ kí gígùn rẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ. Ló bá dá ẹ́ńjìnnì sí ìbú, ó sì ki gíábọ́ọ̀sì bọ abẹ́ rẹ̀, nínú sọ́ǹpù gan-an. Ọ́ìlì tó ń rẹ bíárìn lára, òun náà ló ń rẹ eyín gíà. Páìpù tó ń fa ọ́ìlì wá wà nínú ilé gíà, o ò sì lè fọwọ́ kàn án àfi kó o gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó o sì yà á sí méjì, bó o ṣe yà á yìí. Bó o bá fi lè dè é, ó di ìgbà tí ara rẹ bá tún gbé e.

Ẹnu páìpù tó bá a wá ò sí láàárín. Fún ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ tó ń bọ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bu omi sínú abọ́ kó o gbé e sáré yí igun ilé, wàá rí ohun tí mò ń sọ. Tí kọ́nà bá ń fa mọ́tò síta pẹ̀lú agbára tó tó ìwúwo mọ́tò náà fúnra rẹ̀, ìyẹn 1g, ojú ọ́ìlì á dagun ní dígírì 45. Ká tiẹ̀ ní 0.8 ni, ó ṣì tó dígírì 39. Gbogbo ọ́ìlì á kó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹnu páìpù bá wá wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, afẹ́fẹ́ ni yóò mu.

Ohun tí páìpù àárín fi dára ni pé, bí o bá ṣẹ́ abọ́ yẹn sọ́tùn-ún tàbí sósì, etí abọ́ ni omi ti ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Omi àárín kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà. Kò ní kí ọ́ìlì má rìn o, ó kàn dúró síbi tí ìrìn ọ́ìlì ò ti pọ̀.

Mo fẹ́ bi ọ́ léèrè: ṣé kọ́nà ọ̀tún àti ti òsì ni ọwọ́ géèjì ti ń já, àbí apá kan ṣoṣo?

Kábú_Méjì

Ti àárín, oníhò fífẹ̀. Mo ti fi í sínú ẹ́ńjìnnì méjì. Dè é kó o máa lọ.

Ìyá_Bíárìn

Ẹ̀yin ará, ẹ ti ń yan páìpù fún ọmọ yìí kí ẹ tó bi í bí ara ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe rí. Ìbéèrè ọ̀gá nípa apá ọ̀tún àti òsì dára, ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un.

Ọmọ_Sìlíńdà, níbo ni ọ́ìlì dé lórí ọ̀pá ìwọ̀n lọ́jọ́ tó já? Irú pọ́ǹpù wo lo fi sí i? Ràbà róbótó tó wà nídìí páìpù yẹn ńkọ́, ìgbà wo lo pààrọ̀ rẹ̀? Tó o bá sì ta ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ kùtù, ó máa ń tó ìgbà wo kí ọwọ́ géèjì tó dìde?

Ọmọ_Sìlíńdà

Ẹ ṣeun mà, ẹ ṣeun ọ̀gá.

Apá kan ló ti ń já jù, ṣùgbọ́n mo ti rí i ní apá kejì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ọ́ìlì 20W-50 ni, ó wà láàárín àmì òkè àti ti ìsàlẹ̀, mo rò pé ìyẹn dáa. Pọ́ǹpù alágbára ńlá ni wọ́n ní kí n rà torí pé ẹ́ńjìnnì eré ni, òun ló wà níbẹ̀. Ràbà, mi ò yọ ọ́ rí. Tí mo bá ta á ní tútù, ó ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí géèjì tó mira. Mo ti rò pé bí gbogbo Mini ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ìyá_Bíárìn

Rárá o, gbogbo Mini kọ́. Jókòó, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

A máa ń sọ pé pọ́ǹpù ń fa ọ́ìlì. Ká sòótọ́, kì í fa nǹkan kan. Ìdí kámúṣáàfù, lọ́wọ́ ibi tí kòlọ́jì wà, ni pọ́ǹpù Mini ń gbé, ó sì ga ju ojú ọ́ìlì lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣí àyè sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bo orí ọ́ìlì nínú sọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì gba inú páìpù gòkè lọ bá a. Agbára afẹ́fẹ́ yẹn ò sì ju nǹkan bí 14.7 psi lọ. Tí ọ́ìlì bá ti kọjá pọ́ǹpù, o lè rí 60, o lè rí 70. Kó tó dé pọ́ǹpù, 14.7 ni gbogbo owó tó wà lápò rẹ, kò sì sẹ́ni tó máa yá ọ sí i.

Wò ó bó o ṣe ń ná an. Gíga tí ọ́ìlì máa gùn gba díẹ̀. Asẹ́ ẹnu páìpù gba tiẹ̀. Ihò tóóró gba tiẹ̀, gbogbo ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ náà gba tiẹ̀. Ọ́ìlì tútù tó ki bí oyin gba èyí tó pọ̀ jù. Tí owó bá tán, ọ́ìlì ò ní lè tẹ̀ lé pọ́ǹpù mọ́, inú rẹ̀ á máa ho, pọ́ǹpù á sì máa gbá fọ́ọ̀mù fún bíárìn.

Ibẹ̀ ni ihò fífẹ̀ ti wúlò. Ká ní inú ọ̀kan jẹ́ mílímítà 12, tí ti èkejì jẹ́ 15. Lójú, ìyàtọ̀ rẹ̀ ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n àyè tó wà nínú èkejì fi bí ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ọ́ìlì bá sì ń ṣàn jẹ́jẹ́ láìrú, ìdènà inú oníhò tóóró á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ààbọ̀ ti fífẹ̀. Torí náà ẹ wọn ihò inú, ẹ má wo ara páìpù lóde. Mo ti rí páìpù kan tí ara rẹ̀ tóbi bí àtàǹpàkò tí inú rẹ̀ ò gba ìka kékeré.

Ó wá ku pọ́ǹpù alágbára tí wọ́n ní kó o rà. Ó ń béèrè ọ́ìlì púpọ̀ sí i láti inú páìpù kan náà. Tí bíárìn ò bá nílò gbogbo rẹ̀, fáàfù tó ń tú pírẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ á dà á padà sí sọ́ǹpù, á tún gbóná sí i, á tún mú afẹ́fẹ́ sí i. Pọ́ǹpù ńlá lórí ẹnu tóóró, ọ̀fun erin ni wọ́n fún ẹni tó ní ẹnu èkúté.

Èyí tó ká mi lára jù ni ràbà rẹ. Ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà lọ sí pọ́ǹpù ní oríkèé: ìdí páìpù nínú ilé gíà jẹ́ ọ̀kan, ibi tí ilé gíà ti pàdé ẹ́ńjìnnì sì jẹ́ òmíràn, ràbà sì wà níbẹ̀ náà. Ibi tó bá ń jò kí ọ́ìlì tó dé pọ́ǹpù kì í kán sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń wọlé níbẹ̀, ilẹ̀ ibi tó o gbé mọ́tò sí á mọ́ tónítóní, ìwọ á rò pé kò sí nǹkan. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún láàárọ̀ àti apá méjèèjì tó ń já, ìyẹn ti ju ọ̀rọ̀ kọ́nà lọ.

Àgbà_Sípánà

Ìyá, mo gbà fún yín lórí ràbà, ìyẹn gan-an ló yẹ kí n kọ́kọ́ bi í. Ṣùgbọ́n lórí pọ́ǹpù, ẹ jẹ́ ká rọra. Ẹ́ńjìnnì tí bíárìn rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ máa ń jo pírẹ́ṣọ̀ dànù, pọ́ǹpù ńlá ló ń gbà á là. Àwa tó ń kó ẹ́ńjìnnì máa ń fi í ṣe òṣùwọ̀n pé kí psi 10 wà fún gbogbo 1,000 tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Ẹni tó ń lọ sí 7,000 ń wá 70.

Ìyá_Bíárìn

Bíárìn tuntun ló fẹ́ kó sí i, ọ̀gá. Ta ló fẹ́ gbà là?

Àgbà_Sípánà

Ó dáa. Tí bíárìn bá jẹ́ tuntun, tí àlàfo wọn sì péye, pọ́ǹpù gidi tó bá ẹ́ńjìnnì náà mu ti tó. Mo gbà. Àbúrò, kó o wo bí ìdí kámúṣáàfù rẹ ṣe gbá pọ́ǹpù mú kó o tó ra òmíràn o, irú mẹ́ta ló wà: oní-píìnì, oníràwọ̀ àti oní-gbọ́ọ̀rọ̀ tó wọ ojú ihò. Ọ̀kan ò ní wọ inú èkejì.

Ojú_Géèjì

Mo ti ń kà á láti òkè, ó ń rán mi létí ẹ̀ṣẹ̀ ara mi.

Èmi náà rí i kí ọwọ́ géèjì máa já fìrí nínú kọ́nà. Mo ní kò sí nǹkan, ṣebí ó ń padà sókè. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò tí mi ò ṣe nígbà náà: ní 6,000, kráńkì ń yí ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, kráńkì ti yí ìgbà 50, kọ́nróòdù kọ̀ọ̀kan sì ti gba ìbọn láti òkè nígbà 25 tí kò sí ọ́ìlì tó máa gbé e. Ọwọ́ géèjì pàápàá máa ń lọ́ra. Nígbà tó bá fi 20 hàn ọ́, ó lè jẹ́ pé òfo ló ti dé ibi bíárìn. Bíárìn kọ́nróòdù ló kọ́kọ́ lọ, ẹ́ńjìnnì sì nọ́ọ̀kì kí n tó délé.

Mo wá fi páìpù àárín sí i, inú mi dùn. Oṣù mélòó kan, ó tún bẹ̀rẹ̀. Páìpù yẹn gùn, kò sì sí nǹkan kan tó dì í mú lọ́nà jìnnà, orí ìdí rẹ̀ nìkan ló dúró sí. Gbogbo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbọ̀n, òun náà ń gbọ̀n, títí tí ojú ibi tí wọ́n jó o mọ́ fi là. Ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹni tó tà á fún mi ní mi ò dè é dáadáa ni. Láti ìgbà náà, mi ò fi páìpù kankan sínú ilé gíà tí irin ìdìmú ò bá sí lára rẹ̀. Mo sì máa ń ta ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ojú ibi tí wọ́n jó, kí n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti inú, kí n wò ó bóyá ó ń yọ ìfófòó.

Ẹlẹ́sẹ̀_Títì

Ẹ má jẹ́ kí ẹni tí kò lọ sórí pápá kankan kà á kó sì lọ tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ o. Cooper S, Mini tó máa ń sáré, lèmi ń wà, ojú títì nìkan, páìpù tó bá a wá ló ṣì wà nínú rẹ̀. Mo máa ń jẹ́ kí ọ́ìlì dé àmì òkè, mi ò sì rí géèjì kó já rí. Táyà tí mò ń lò gan-an á kọ́kọ́ yọ̀ kí ọ́ìlì tó rìn jìnnà bẹ́ẹ̀.

Kábú_Méjì

Òótọ́ ni. Táyà tó ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń fa gbogbo rẹ̀. Ìgbà tí mo fi táyà eré sí tèmi ni ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ_Sìlíńdà

Èmi náà pààrọ̀ táyà lọ́dún tó kọjá! Ẹ̀yìn rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọ̀gá Ojú_Géèjì, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ìbéèrè méjì: kí ẹnu páìpù jìnnà sí ìsàlẹ̀ tó báwo? Asẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ti ọ̀kan wẹ́, ihò ti èkejì tóbi.

Àgbà_Sípánà

Mílímítà 6 sí 10 ni kó o fi sílẹ̀. Tó bá lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ jù, ṣe ló máa dà bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ife tó ń mu. Tó bá sì ga jù, ọ́ìlì díẹ̀ ló máa lọ kó tó máa mu afẹ́fẹ́. Má fojú wọ̀n ọ́n. Gba amọ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, rọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ilé gíà lábẹ́ ẹnu páìpù, de páìpù síbẹ̀ pẹ̀lú bóòtù rẹ̀ gbogbo, tú u, kó o fi ọ̀bẹ gé amọ̀ náà kó o wọn bó ṣe nípọn tó. Yí gbogbo gíà kó o rí i pé kò sí eyín tó ń fara kan páìpù. Ilé gíà Mini ò rí bákan náà láti ọdún dé ọdún, páìpù tó wọ ti ẹnì kan lè fẹnu gbá nǹkan nínú tìrẹ.

Ní ti asẹ́: inú ọ́ìlì kan náà ni eruku irin gíà ń já sí, torí náà má yọ asẹ́ dànù bí àwọn kan ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n mú èyí tí ihò rẹ̀ tóbi díẹ̀ tí ojú rẹ̀ sì gbòòrò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dá ègé eyín gíà dúró kó má fọ́ pọ́ǹpù. Fìlítà ló ni eruku kéékèèké, òǹfà tó wà lórí bóòtù ìdaọ́ìlì á sì bá ọ kó ìyókù.

Ìyá_Bíárìn

Tú asẹ́ ti àtijọ́ yẹn wò dáadáa kó o tó jù ú nù. Kì í purọ́.

Ojú_Géèjì

Ohun kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé dábùú inú ilé gíà láti dá ọ́ìlì dúró. Bí àyè bá wà, fi sí i. Ti àgbá kékeré tó ń pa ọ́ìlì mọ́ pẹ̀lú pírẹ́ṣọ̀, tó máa dà á sílẹ̀ tí géèjì bá já, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fi ìyẹn sí ẹ̀yìn. Ẹni tí ràbà rẹ̀ ń jò ò gbọdọ̀ kọ́kọ́ máa ra àgbá.

Ọmọ_Sìlíńdà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Mo ti padà dé.

Ìyá_Bíárìn, ẹ ṣeun gan-an. Ràbà ìdí páìpù ti le bí ike, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ní ojú ibi tó ti gé, bí ẹni pé ẹni tó dè é kẹ́yìn ki páìpù bọ̀ ọ́ láìta ọ́ìlì sí i. Asẹ́ wá ni mi ò lè gbàgbé. Gọ́ọ̀mù gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fọ́n láti inú túùbù, ìjáǹjá rẹ̀ ti bo bí ìdá kan nínú mẹ́ta ojú asẹ́. Ọwọ́ mi ni, mi ò lè purọ́. Èmi ni mo fọ́n ọn pọ̀ jù nígbà tí mo kọ́kọ́ kó ẹ́ńjìnnì yìí, èyí tó ṣẹ́ kù sínú ló lọ lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù.

Mo mú ti àárín, oníhò fífẹ̀. Amọ̀ fi mílímítà 4 hàn mí, mo bá fi wáṣà sábẹ́ irin ìdìmú rẹ̀ títí ó fi di 7, mo sì rí i pé ìdí rẹ̀ ṣì wọ inú ràbà dáadáa. Ràbà tuntun ní oríkèé méjèèjì. Mo yọ pọ́ǹpù ńlá, mo fi gidi sí i. Mo sì bu ọ́ìlì kọjá àmì òkè pẹ̀lú ìdajì lítà.

Láàárọ̀, kí n tó ka ení èjì, géèjì ti dìde. Lórí pápá, kọ́nà tó máa ń já sí 20 yẹn, 55 ló dúró sí. Mo yí i nígbà mọ́kànlá, mo ń wo géèjì ju ọ̀nà lọ, ìyẹn náà ò dáa.

Wàhálà kan ló ṣẹ́ kù: ọ́ìlì ń tú jáde díẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, ó sì ń ba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ìyá_Bíárìn

Ìdajì lítà tó o fi kún un ni mo kọ́kọ́ fura sí. Da díẹ̀díẹ̀ jáde títí yóò fi dákẹ́, kó o máa wo kọ́nà yẹn ní gbogbo ìgbà tó o bá dà. Ibi tí géèjì ò ti já tí ọ́ìlì ò sì tú, fi ìlà ha ọ̀pá ìwọ̀n níbẹ̀. Àmì tìrẹ nìyẹn.

Kábú_Méjì

Mo ṣáà ti sọ pé oníhò fífẹ̀.

Ìyá_Bíárìn

Ṣé ìwọ náà ti tú asẹ́ tìẹ wò?

Kábú_Méjì

…Ẹ́ńjìnnì á jáde lọ́jọ́ Sátidé.